Kíkó Háàdì Díìsìkì Púpọ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà Kan

Kámẹ́rà tó bá ń ya fídíò 4K ní megabit 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kó dátà 45GB jọ láàárín wákàtí kan. Ẹ gbé kámẹ́rà méjì lọ sí òde ìgbéyàwó, láti ìdí ìdána ní àárọ̀ títí di ìgbà tí àwọn onílù bá ń palẹ̀ mọ́, ká ní wákàtí mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́: 540GB nìyẹn, ní ọjọ́ Sátidé kan péré. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní Ìbàdàn tàbí Èkó kò ní pẹ́ tí orí tábìlì rẹ̀ yóò fi kún fún háàdì díìsìkì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní adápútà tirẹ̀, tí gbogbo adápútà sì ń du ihò lára extension box kan ṣoṣo. Bí oníbàárà bá wá béèrè fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ ti ọdún kẹta, wíwá a nìkan di iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ẹni tó fẹ́ kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà kan.

Ẹ ka iná kí ẹ tó ka ihò

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye ihò tó wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ihò ṣeé rà kún. Iná tí kò bá tó ni yóò fìyà jẹ yín, nítorí kò ní sọ fún yín pé òun kò tó. Ṣe ni háàdì kan yóò ṣàdédé pòórá lójú Windows, tí yóò tún padà wá ní ọ̀la, tí ẹ ó sì máa dá wáyà lẹ́bi.

Háàdì díìsìkì tó tóbi, èyí tí wọ́n ń pè ní 3.5, ń fi iná 12V yí mọ́tò rẹ̀, ó sì ń lo 5V fún bọ́ọ̀dù tó wà nídìí rẹ̀. Èyí tó kéré, 2.5, irú tó máa ń wà nínú láptọ́ọ̀pù, 5V nìkan ló ń lò. Nígbà tí 3.5 bá ti ń yí geere, kò jẹ iná púpọ̀, bíi 5W sí 8W. Ìgbà tó bá ń dìde ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí mọ́tò fi ń gbé àwọn àwo náà dé orí eré 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ó lè fa tó 2A lórí 12V, ìyẹn 24W. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sí wàhálà. Bí mẹ́jọ bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, 16A ni wọ́n ń béèrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200W, prósẹ́sọ̀ àti àwọn fáànù kò sì tíì gba tiwọn.

Ẹ yí power pack yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ má wo nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ sókè. Ìlà +12V ni kí ẹ wá, kí ẹ wo iye A tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Power pack kan lè kọ 500W sára gàgàrà, kí ìlà 12V rẹ̀ jẹ́ 18A. Ìlọ́po 12 rẹ̀ jẹ́ 216W. Níbo wá ni ìyókù wà? Ó wà lórí 5V àti 3.3V tí kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ lò, tàbí kó má sí níbì kankan rárá. Bí ìlà 12V bá jẹ́ méjì, ẹ má ṣe ro wọ́n pọ̀ fúnra yín. Àpapọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn ni kí ẹ gbà, ó sábà máa ń kéré sí èyí tí ẹ bá rò.

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo, irú tó kún Computer Village ní Ìkejà, sábà máa ń gbé power pack 240W sí 300W wá. Háàdì mẹ́ta, yóò gbé e. Mẹ́jọ, rárá o. Kí ẹ tó ra power pack mìíràn fún un, ẹ wo orí wáyà tó wọ mọ́dábọ́ọ̀dù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn kì í lo orí 24 tí gbogbo ayé ń lò.

Wáyà tó ń jóná

Orí wáyà iná SATA ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ 15. Mẹ́ta nínú wọn ni ti 12V, 1.5A sì ni òdiwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. 4.5A ni gbogbo rẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ẹ bá fi wáyà elórí púpọ̀ pín iná láti inú orí SATA kan, háàdì 3.5 méjì ni kó mọ níbẹ̀. Wáyà elórí mẹ́rin àti elórí márùn-ún wà lọ́jà lóòótọ́. Ti SSD ni kí ẹ fi wọ́n ṣe.

Molex, orí funfun ńlá oníhò mẹ́rin ti àtijọ́, lágbára ju SATA lọ láti gbé iná, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ra wáyà tó ń sọ Molex di SATA. Ẹ wo ẹ̀yìn orí SATA rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n yọ́ dà lé wáyà lórí, tó dì mọ́ ọn gbagidi, ẹ dá a padà. Nínú irú èyí, àwọn wáyà lè sún mọ́ra jù nígbà tí wọ́n ń da rọ́bà náà, ìwọ̀nba ooru díẹ̀ ni yóò sì mú kí 12V àti ilẹ̀ fara kanra. Àwọn orí bẹ́ẹ̀ ti yọ́, wọ́n sì ti gbiná nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Èyí tó dára ni èyí tí wáyà ti wọlé lẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ lè fi èékánná ṣí ìdérí rẹ̀ kí ẹ rí bí irin ṣe gé wọ inú wáyà.

Bí power pack yín bá jẹ́ irú tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, wáyà tó bá a wá láti inú páálí nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ̀gbẹ́ tó wọ háàdì bára mu káàkiri ayé. Ẹ̀gbẹ́ tó wọ power pack kò bára mu, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ní ètò tirẹ̀, nígbà mìíràn nínú ilé iṣẹ́ kan náà pàápàá. Orí yóò wọ ihò dáadáa, kò ní le, kò ní ta ko, ṣùgbọ́n 12V lè lọ gba ojú 5V. Gbogbo háàdì tó wà lórí wáyà náà ló ń kú lẹ́ẹ̀kan.

Títú háàdì jáde nínú àpótí USB

Nítorí pé háàdì tí ẹ ti ní nílẹ̀ ni ẹ máa kó wọlé, ẹ ó ní láti tú àwọn kan jáde nínú àpótí wọn. Kí ẹ tó fi ohunkóhun ṣí i, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Bọ́ọ̀dù kékeré tó wà nínú àpótí náà lè máa ti dátà pa fúnra rẹ̀ láìsọ fún yín, tàbí kó máa to dátà ní ọ̀nà tí SATA kò ní mọ̀. Ẹ ó tú u tán, ẹ ó fi sínú kọ̀ǹpútà, Windows yóò sì sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣé kí òun ṣe format rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ dá háàdì padà sínú àpótí rẹ̀, fáìlì yín yóò tún yọjú.

Àwọn háàdì 2.5 kan kò tilẹ̀ ní ojú SATA. Wọ́n jó ojú USB mọ́ bọ́ọ̀dù ìdí rẹ̀. Ìyẹn kò ṣeé kó wọlé, ẹ jẹ́ kó máa gbé níta.

Bí 3.5 tí ẹ tú kò bá sì yí rárá, tí kò dún, tí kò gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́. Nínú òfin SATA tuntun, irin kẹta lára ojú iná, tó jẹ́ ti 3.3V tẹ́lẹ̀, ti di èyí tí a fi ń pàṣẹ fún háàdì pé kó sùn. Power pack àtijọ́ ń fi 3.3V síbẹ̀ nígbà gbogbo, háàdì náà sì ń gbọ́ràn. Ẹ gé tépù Kapton tẹ́ẹ́rẹ́ bo irin kẹta yẹn, tàbí kí ẹ lo wáyà Molex tó dára tí mo sọ lókè, nítorí Molex kò ní 3.3V rárá.

Ọ̀nà tí dátà ń gbà

Mọ́dábọ́ọ̀dù ilé sábà máa ń ní ojú SATA mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó gbójú lé gbogbo wọn: lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, bí ẹ bá fi SSD sínú ihò M.2 kan, ojú SATA kan tàbí méjì yóò kú, ìwé náà yóò sì sọ èyí tó kú. DVD tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ náà jókòó lórí ojú kan. Ẹ yọ ọ́.

Bí kò bá tó, káàdì ni ẹ ó rà, tí ẹ ó fi sínú ihò PCIe. Orúkọ chip tó wà lórí káàdì náà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. ASM1166 ń gbé háàdì mẹ́fà, JMB585 ń gbé márùn-ún, àwọn méjèèjì sì ń lo ọ̀nà PCIe 3.0 méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Háàdì tó ń yí kì í sáré ju 200MB sí 270MB lọ, nítorí náà àyè gba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Káàdì kékeré tí wọ́n bá so ojú mẹ́wàá tàbí 16 mọ́, tó sì ń gba ihò x1 (ọ̀nà PCIe kan péré) wọlé, ẹ sá fún un. Gbogbo háàdì yín ni yóò tò sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo, bí ọ̀kan bá sì hùwà burúkú, ó lè fa àwọn yòókù lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún háàdì mẹ́jọ ni káàdì tokunbo tí wọ́n yọ lára sáfà, irú tó ní chip LSI SAS2008. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé IT mode lẹ fẹ́, kí káàdì náà lè fi háàdì hàn bó ṣe rí láìda RAID tirẹ̀ (ètò tó ń so háàdì púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan) pọ̀ mọ́ ọn. Ojú méjì ló ní lára, wáyà kan tó ń jẹ́ SFF-8087 yóò sì sọ ojú kan di orí SATA mẹ́rin. Wáyà yìí pín sí méjì, forward àti reverse, àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, forward nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ níbí. Káàdì náà ń gbóná gan-an, torí afẹ́fẹ́ líle inú sáfà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ so fáànù kékeré mọ́ ọn.

USB

Díẹ̀ ni mo ní sọ nípa rẹ̀. Ojú USB 3.0 kan ń fúnni ní 0.9A lórí 5V, ìyẹn 4.5W, ti USB 2.0 jẹ́ 2.5W. Háàdì 2.5 lè fẹ́ tó 5W nígbà tó bá ń dìde. Bí ẹ bá wá fi hub tí kò ní adápútà so mẹ́rin mọ́ ojú kan, ariwo tí ẹ ó máa gbọ́, kẹ-kẹ-kẹ, ti háàdì tí iná kò tó ni. Ẹ ra hub tó ní adápútà tirẹ̀, tàbí àpótí oníhò mẹ́rin tó ń gba 3.5, kí ẹ sì rí i dájú pé ó ní UASP, ìlànà tó ń mú kí dátà yára lórí USB. Mo fara mọ́ USB fún háàdì ẹ̀dà tí ẹ ó máa so mọ́ kọ̀ǹpútà lálẹ́ tí ẹ ó sì yọ. Ṣùgbọ́n RAID lórí USB, mi ò fara mọ́ ọn, torí ìjákulẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé kí RAID ka háàdì tí kò ṣe nǹkan kan mọ́ òkú.

Ooru àti skúrù

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe háàdì sábà máa ń fi 60°C ṣe òpin. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 45. Nínú yàrá tí kò ní AC ní Ìbàdàn lóṣù Kẹta, kò sí bí ẹ ó ṣe rí èyí ṣe láìsí fáànù níwájú, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín háàdì kan àti èkejì, kí ìka ọwọ́ lè kọjá. Ẹ lè tẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn dúró, kò sí èyí tó burú. Gbígbé e nígbà tó bá ń yí ló burú. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku fáànù ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Skúrù oríṣi méjì ni yóò wà nínú ike yín. Ti 3.5 ń jẹ́ 6-32, eyín rẹ̀ jìn síra. Ti 2.5 àti SSD ń jẹ́ M3, eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì tín-ín-rín díẹ̀. Bí skúrù kò bá wọlé nígbà tí ẹ bá fi ìka yí i, èyí kọ́ ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára yí i yóò ba ihò jẹ́.

Ohun tí kọ̀ǹpútà yóò rí

Bí háàdì 4TB bá ń fi 2TB péré hàn, MBR ni wọ́n fi pín in. GPT ni kí ẹ lò fún gbogbo háàdì tó bá ju 2TB lọ. Windows ní lẹ́tà 26 tó ń pín fún wọn, kò sì ní tètè tán, àmọ́ ta ni yóò rántí ohun tó wà lórí K àti ohun tó wà lórí N? Nínú Disk Management, ẹ lè so háàdì mọ́ fódà lórí NTFS dípò lẹ́tà, kí ó máa jẹ́ "Odun2023" tàbí "Isinku" lábẹ́ fódà kan ṣoṣo. Lórí Linux, UUID ni kí ẹ kọ sínú fstab. Orúkọ bíi sda tí Linux fún háàdì lónìí lè di sdc lọ́la.

Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California ní Berkeley kọ ìwé kan tó fi hàn bí háàdì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ ṣe lè parapọ̀ ṣe iṣẹ́ èyí tó tóbi tó sì wọ́n. Láti ibẹ̀ ni RAID ti gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé bí RAID bá ti wà, dátà ti wà láàbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. RAID 1 àti RAID 5 ń gbani lọ́wọ́ ikú háàdì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ iṣẹ́ bá pa fódà rẹ́, RAID yóò pa á rẹ́ níbi gbogbo kíákíá. RAID 0 tilẹ̀ burú jù, nítorí ikú ọ̀kan ni ikú gbogbo wọn.

Ó yẹ ká sọ ọ́ síta: kíkó háàdì jọ sójú kan ń fi kún ewu. Nígbà tí wọ́n fọ́n ká orí tábìlì, olè lè gbé méjì. Nísinsìnyí, kọ̀ǹpútà kan ni yóò gbé, gbogbo iṣẹ́ ọdún púpọ̀ yín ni yóò sì bá a lọ. Àrá kan tó bá gba wáyà wọlé lè pa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nítorí náà, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn, bóyá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, lórí háàdì tí a yọ wáyà rẹ̀.

Fún fídíò tí a ti ṣe tán tí a kò ní fọwọ́ kàn mọ́, mo yan SnapRAID ju RAID lọ. Háàdì kọ̀ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀, ẹ lè yọ ọ́ kí ẹ sì kà á lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Háàdì kan, tí kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tó tóbi jù nínú wọn, ń tọ́jú ìṣirò tí a ó fi sọ èyí tó bá kú jí. Bí méjì bá kú pọ̀, àwọn méjì yẹn nìkan lẹ pàdánù.

Ẹ béèrè bóyá háàdì tí ẹ ń rà jẹ́ SMR tàbí CMR. Lórí CMR, ìlà dátà kọ̀ọ̀kan dá wà; lórí SMR, wọ́n gun ara wọn lórí bí páànù òrùlé, nítorí náà àtúnkọ ìlà kan máa ń fa àtúnkọ àwọn tó tẹ̀lé e. Fún fídíò tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí a ń kà, kò burú. Nínú RAID, yóò dá yín lágara.

NEPA

Power pack tó dára lè gbé kọ̀ǹpútà dúró fún bíi ìdá 16 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí iná bá lọ. Inverter ilé púpọ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà á, ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n kò fi kú tí kọ̀ǹpútà sì kú. Ẹ wo inverter yín bóyá ó ní UPS mode, kí ẹ fi síbẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ fi UPS sí àárín. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sáré dọ́gba kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, torí ìgbà ìdìde ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń fa iná jù.

Kí háàdì tokunbo tó wọlé

Ẹ fi CrystalDiskInfo wò ó níwájú ẹni tó ń tà á. Ìlà 05 ni iye ojú tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti fi òmíràn rọ́pò, C5 ni èyí tó ń ṣiyèméjì, C6 ni èyí tí kò ṣeé kà mọ́. Òdo ni mo fẹ́ rí lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. C7 yàtọ̀: bó bá ń gòkè, wáyà dátà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, háàdì lè má ṣẹ̀. Ìlà 09 ni wákàtí tó ti lò. Ọdún kan jẹ́ wákàtí 8,760, nítorí náà 40,000 ti lé ní ọdún mẹ́rin àtààbọ̀. Bó bá jẹ́ 12 péré ni ẹ rí lára háàdì tí ara rẹ̀ ti hó, tí ihò skúrù rẹ̀ ti dán, ẹnì kan ti da nọ́ńbà náà padà, ẹ rìn kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò wọ́n, ẹ fi wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ rí i lójú Windows, kí ẹ tó pa á fi èyí tó kàn. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn serial number rẹ̀ sórí tépù funfun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ojú máa ń rí láìtú nǹkan kan, kí ẹ sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ tí ẹ fún un nínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí CrystalDiskInfo bá fi àwọ̀ pupa hàn, nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó fi mọ èyí tí ẹ ó yọ nínú mẹ́jọ tó jọra.